Sound card àbí ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà? Bí ẹ ṣe máa so sípíkà 5.1 kó dún bó ṣe yẹ

Ọ̀rẹ́ mi kan ra sípíkà 5.1, ìyẹn sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, ó gbé e délé, ó to márààrún yí pálọ̀ ká, ó gbé wúfà sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ó wá fi fíìmù ogun kan sí i. Ìbọn ń dún níwájú, bàálù ń kọjá níwájú, ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn jagunjagun náà, iwájú lòun náà ti ń pariwo. Sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì dákẹ́ bí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pinnu pé kọ̀ǹpútà òun ò lágbára, àfi kí òun lọ ra sound card, káàdì tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ohùn.

Wáyà dúdú ló kì bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì la fi tún un ṣe.

Mi ò sọ pé sound card ò wúlò o. Àwọn kan wà tí kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí wọn ò ní rà á, mo sì máa sọ irú wọn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé orí káàdì lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sípíkà fúnra rẹ̀ ló máa sọ irú oúnjẹ tó ń jẹ. Ẹ bi í kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ohun tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀

Nọ́ńbà ni orin àti fíìmù jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, etí kì í sì gbọ́ nọ́ńbà. Ṣíìpù kékeré kan ló ń sọ nọ́ńbà yẹn di iná tó ń lọ sókè sódò, tí iná náà á sì máa mi sípíkà. Lórí ọ̀pọ̀ motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) ayé ìsinsìnyí, ilé iṣẹ́ Realtek ló ṣe ṣíìpù náà. Òun là ń pè ní onboard: ó ti wà lórí bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́ wá, owó rẹ̀ sì ti wà nínú owó tí ẹ san. Iṣẹ́ kan náà ni sound card ń ṣe, àmọ́ bọ́ọ̀dù tirẹ̀ dá wà. Ẹ lè kì í bọ ojú PCIe nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ USB.

Nígbà kan, ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn síra. Lọ́dún 1989 tí ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore gbé Sound Blaster àkọ́kọ́ jáde, kọ̀ǹpútà tí kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ju kó máa ké "píì píì" lọ. Nígbà tó di 2004, Intel gbé ìlànà HD Audio kalẹ̀, tó fún onboard lásán ní ọ̀nà ohùn mẹ́jọ. Ọ̀nà mẹ́jọ yẹn ni 7.1, sípíkà méje àti wúfà kan. Ní 2007, Windows Vista dé, ó sì ti ilẹ̀kùn tí géèmù fi ń gbé ìṣirò ohùn fún káàdì láti bá a ṣe. Láti ọjọ́ náà, processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí ẹni tó ń tajà bá sọ fún yín pé sound card yóò mú géèmù yín yá sí i, ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ló ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yí ẹ̀yìn sípíkà wò

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára sípíkà kọ̀ǹpútà, inú wúfà ni àmpílífáyà wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lẹ máa rí ihò. Ohun mẹ́rin lẹ lè bá níbẹ̀.

Ẹ lè bá wáyà mẹ́ta tí ẹnu wọn tín-ín-rín bíi ti ìyàgbọ́ tí a ń kì sí etí: ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan àwọ̀ ọsàn. Wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn méjì. Ti àwọ̀ ewé ń gbé sípíkà iwájú ọ̀tún àti òsì, dúdú ń gbé ti ẹ̀yìn, ọsàn sì ń gbé ti àárín pẹ̀lú wúfà. Mẹ́fà pé. Logitech Z506 rí báyìí. Irú sípíkà yìí kò ní ọgbọ́n kankan tirẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà bá pín fún un ló máa jẹ. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ihò mẹ́ta tó lè gbé ohùn jáde.

Ẹ sì lè bá ihò onígun mẹ́rin kékeré tí ilẹ̀kùn pénpé bò, tí wọ́n kọ Optical sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í ṣe iná. Sípíkà tó bá ní in máa ń ní ṣíìpù tó lè tú Dolby Digital tàbí DTS, ohùn mẹ́fà tí wọ́n dì pọ̀ sínú ẹrù kan, fúnra rẹ̀. Logitech Z906 ní ihò mẹ́ta ti àkọ́kọ́ yẹn, ó tún ní optical méjì, ó sì ń tú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni AV receiver, àpótí ńlá tó ń gba ohùn tó sì ń pín in fún sípíkà, tó ní HDMI lẹ́yìn rẹrẹ. Tó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ lè fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ HDMI nísàlẹ̀. Ẹ ò nílò sound card, ẹ ò sì nílò onboard pàápàá.

Ẹ̀kẹrin ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà: home theatre tó ń lo DVD, irú èyí tó kún Alaba àti ilé wa káàkiri. Lẹ́yìn rẹ̀, AUX pupa àti funfun lẹ máa bá, bóyá pẹ̀lú HDMI tí wọ́n kọ ARC sí, ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń dá ohùn padà. AUX pupa àti funfun, ohùn méjì péré ni. Kò sí káàdì tó lè fi ojú méjì gbé ohùn mẹ́fà tó dá dúró kọjá. Bọ́tìnì Pro Logic tó wà lára àwọn kan lè fọ́n ohùn méjì náà ká yàrá, ṣùgbọ́n àbá ló ń dá, kò mọ ibi tí olùṣe fíìmù fi bàálù sí. Bí optical bá wà lára tiyín, ẹ yọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò

Àwọ̀ ihò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ewé ni iwájú, dúdú ni ẹ̀yìn, ọsàn ni àárín àti wúfà, àwọ̀ eérú ni ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó ní 7.1. Búlúù ni ohùn ń gbà wọlé, píǹkì sì ni ti máìkì. Bí ẹ bá rí márùn-ún tàbí mẹ́fà, onboard yín tó fún 5.1, kò sí àríyànjiyàn.

Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ rí, ewé, búlúù àti píǹkì, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù oníhò mẹ́ta, ihò máa ń pààrọ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá yan 5.1 nínú ètò Realtek (software tó ń darí ohùn), búlúù á di ti ẹ̀yìn, píǹkì á di ti àárín àti wúfà. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni ihò máìkì ẹ̀yìn, àmọ́ ti iwájú kọ̀ǹpútà ṣì wà. Ibí ni ọ̀rẹ́ mi ti ṣìnà: kò yan nǹkan kan, ó kàn kì wáyà dúdú bọ búlúù, búlúù sì ń retí ohùn tó ń wọlé.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkúnbọ̀ ńkọ́, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó? Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ihò kan tàbí méjì lọ, nítorí akọ̀wé ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún sinimá. Laptop náà, ihò kan ṣoṣo, ohùn méjì. Fún wọn, bí sípíkà bá jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, ibí ni sound card ti di dandan. Kò sí ètò tẹ́ ẹ lè fi sí i tó máa lu ihò tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ní dán an wò ná

Bí ihò bá tó, ẹ so ó, kí ẹ tó ronú ọjà. Mo máa fi orúkọ àwọn bọ́tìnì sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa rí wọn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ gba ètò Realtek láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí Windows fúnra rẹ̀ fi sí i. Tó bá jẹ́ "High Definition Audio Device" lásán ni ẹ̀rọ ń pe ara rẹ̀, ọgbọ́n pípààrọ̀ ihò yẹn sábà máa ń ṣàìsí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ kì wáyà bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Realtek á máa bi yín pé kí lẹ kì bọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìwàǹwára tẹ OK. Ẹ yan ti ẹ̀yìn fún wáyà dúdú, ti àárín àti wúfà fún wáyà ọsàn.

Ẹ wá tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows pẹ̀lú R, ẹ tẹ mmsys.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Lábẹ́ Playback, ẹ yan Speakers, ẹ tẹ Configure, ẹ yan 5.1 Surround, kí ẹ sì tẹ Test. Ìró á máa tọ sípíkà kan dé èkejì yí yàrá ká. Ẹ jókòó sí ààyè yín, kí ẹ máa nawọ́ sí ibi tí ìró ti ń jáde, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bá ti ojú ẹ̀rọ mu.

Àléébù mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbi ìdánwò yìí. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀yìn dákẹ́ bí iwájú ṣe ń dún. Nígbà mìíràn, Windows máa ń to 5.1 Surround méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún sípíkà ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún ti ẹ̀yìn. Ẹ yan èkejì. Ìkejì, kí ọ̀tún máa dún ní òsì, èyí kò ju kí ẹ pààrọ̀ ipò sípíkà méjèèjì lọ. Ìkẹta ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: ohùn èèyàn á máa jáde láti inú wúfà, wùù wùù bí egúngún nínú agọ̀, sípíkà àárín á sì dákẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn sípíkà kan ló to ohùn méjì inú wáyà ọsàn ní ìdàkejì. Nínú ètò Realtek, bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ Swap Center / Subwoofer Output. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e lábẹ́ Configure máa ń bi yín nípa Full-range speakers. Bí gbogbo sípíkà yín bá jọ wá nínú páálí kan náà pẹ̀lú wúfà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Wúfà ti mọ bó ṣe máa gba ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ tẹ `speaker-test -c6 -t wav`, ohùn kan á máa pe orúkọ sípíkà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi YouTube ṣe ẹlẹ́rìí. Fíìmù àti orin tẹ́ ẹ ń wò níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ohùn méjì ló ń jáde. Ẹ lè sọ owó bí òkò sórí káàdì, ẹ̀yìn kò ní sọ̀rọ̀, nítorí wọn ò fún un ní ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ẹ wá fíìmù tí ohùn rẹ̀ jẹ́ 5.1 lóòótọ́, DVD pàápàá tó. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí orin jùjú yín kún gbogbo yàrá, ẹ wá Speaker Fill nínú ètò náà, yóò da ohùn iwájú kọ sí ẹ̀yìn. Ní tèmi, mo máa ń pa á tí mo bá ń gbọ́ orin, torí kò yẹ kí gángan máa dún lẹ́yìn mi nígbà tí onílù wà níwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ibí ni ẹjọ́ onboard àti sound card wà gan-an. Ẹ dá ohùn gbogbo dúró, ẹ má ṣí fíìmù, ẹ má ṣí orin. Ẹ wá yí ọwọ́ ohùn sípíkà sókè títí kó fi kún. Kí lẹ gbọ́?

Bí ó bá ń ṣe "ṣííí" bí òjò wẹ́wẹ́, ẹ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi sípíkà sílẹ̀ ní títàn. Bí "ṣííí" náà kò bá lọ, àmpílífáyà sípíkà ló ń mí, kọ̀ǹpútà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Káàdì tó wọ́n jù lọ láyé kò ní ràn yín lọ́wọ́. Àyẹ̀wò yìí nìkan ti gba owó lọ́wọ́ àdánù fún èmi àti àwọn mélòó kan tí mo mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìró tín-ín-rín tó ń lọ "wíín wíín" bẹ́ ẹ ṣe ń fa mouse, tó ń pariwo sí i nígbà tí géèmù bá ń ṣiṣẹ́, inú kọ̀ǹpútà ló ti wá. Iná tó ń sáré lórí bọ́ọ̀dù ló ń ta bá ọ̀nà ohùn. Tó bá jẹ́ ihò iwájú lẹ ń lò, ẹ lọ lo ti ẹ̀yìn, torí wáyà gígùn kan ló ń gba àárín kọ̀ǹpútà kọjá dé ihò iwájú, ó sì máa ń kó ariwo lọ́nà. Bí ẹ̀yìn náà bá ń ké, ọ̀ràn sound card lẹ ní yìí. Àpótí USB dára ju ti inú lọ níbí, torí pé ó jáde kúrò láàárín ariwo náà pátápátá.

Ó sì lè jẹ́ "kùùù", ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í sinmi, tí kò bìkítà fún mouse. Ìyẹn jẹ́ ti iná ilé. Iná NEPA ń lọ sókè sódò nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà àti sípíkà bá ń gba iná láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wáyà ilẹ̀ wọn sì pàdé lára wáyà ohùn. Wáyà díìṣì tó wọlé sára tẹlifíṣọ̀n náà lè dá kún un. Ẹ kó gbogbo wọn sórí extension kan ná. Tó bá jẹ́ laptop, ẹ yọ ṣájà. Bí "kùùù" bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè náà. Ohun tó ń wò ó ni ground loop isolator, nǹkan kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so sí àárín wáyà. Oníwáyà mẹ́ta, isolator mẹ́ta. Optical náà wò ó sàn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í gbé iná kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gé ẹsẹ̀ wáyà ilẹ̀ kúrò lára plug kí "kùùù" lè lọ. Ó lè lọ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí iná bá jò sára irin kọ̀ǹpútà, ara yín ló máa gbà á.

Ẹ tún ìdánwò yìí ṣe nígbà tí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lórí inverter. Inverter tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave máa ń fi "bíríí" sára àmpílífáyà, mo sì ti rí ẹni tó pààrọ̀ káàdì nítorí ariwo tó jẹ́ pé alaalẹ́ ló ń dé, kò bi ara rẹ̀ pé kí ló ń yí padà lálẹ́.

Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, tàbí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ò tó nǹkan tí ẹ bá dá ọwọ́ ohùn padà síbi tẹ́ ẹ máa ń fi í sí, ẹ ti parí. Onboard yín dára. Realtek ALC1220, tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó gọbọi, ni ilé iṣẹ́ náà kọ 120 dB sí fún ìyàtọ̀ àárín ohùn àti ariwo. Fáànù òrùlé yín nìkan máa bo ohun tó kù mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ó bá di pé ẹ máa rà

Mo rí ìdí mẹ́ta péré: ihò ò tó, bọ́ọ̀dù ń ké, tàbí ẹ fẹ́ fi géèmù gba optical. Ìkẹta yìí gba àlàyé.

Ọ̀nà optical há. Ohùn méjì tí a kò dì ló lè kọjá níbẹ̀, mẹ́fà ò gbà á. Fíìmù kò níṣòro, nítorí wọ́n ti di ohùn mẹ́fà rẹ̀ sínú ẹrù kan tó ń jẹ́ Dolby Digital tàbí DTS láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kọ̀ǹpútà kàn ń gbé ẹrù náà kọjá ni, sípíkà á tú u. Nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù, ẹ lọ sí Preferences, Audio, kí ẹ ṣí passthrough sílẹ̀. Géèmù ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń sáré ló ń dá ohùn, kò sẹ́ni tó bá a dì í. Àfi kí ẹ̀rọ kan wà tó ń dì í lójú ẹsẹ̀, òun sì ni wọ́n ń pè ní Dolby Digital Live tàbí DTS Connect. Motherboard kan ní in, òmíràn ò ní. Láti mọ̀, ẹ ṣí Realtek Digital Output nínú mmsys.cpl, ẹ lọ sí Advanced, kí ẹ wo inú àkójọ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí Dolby Digital Live, ẹ yàn án, kí ẹ pa owó yín mọ́. Bí kò bá sí, káàdì tó ń jẹ́ Sound Blaster Z ní méjèèjì. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ ní optical àti wáyà mẹ́ta pọ̀, bíi Z906, kó gba ti wáyà mẹ́ta fún géèmù, ọ̀rọ̀ ìdìpọ̀ ò ní kàn án mọ́.

Fún ẹni tí ihò ò tó: Creative Audigy Fx àti Asus Xonar SE jẹ́ 5.1 lóòótọ́, wọ́n sì ń bá irin kúkúrú wá fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Fún laptop, Sound Blaster X4 ń gba USB, ó sì ní ihò 7.1 tó pé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì lọ́jà. Mo lọ sí Computer Village ní Ikeja nígbà kan, mo ra nǹkan USB kan tó kéré bí ìka, tí wọ́n kọ "7.1 Channel" gàdàgbà sí lára. Mo délé, mo yí i wò, ihò méjì ló ní: ọ̀kan fún ìyàgbọ́, ọ̀kan fún máìkì. 7.1 inú páálí ni. Ohùn méjì ló ń gbé jáde, ìyókù ẹ̀tàn etí ni, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń lo ìyàgbọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, mo ní ojú, mi ò kà á. Ẹ ka ihò tí ohùn ń gbà jáde: 5.1 gbọ́dọ̀ ní mẹ́ta, 7.1 gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin. Ohun tó bá kéré sí i, irọ́ ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i. Ìkejì ni àwọn káàdì PCI àtijọ́ tó ṣì wà nínú ẹrù tòkúnbọ̀. Orúkọ wọn dùn, Live! àti Audigy àkọ́kọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn gùn, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti PCIe x1, kò sì wọ bọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ ya fọ́tò inú kọ̀ǹpútà yín lọ sọ́jà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ káàdì wé e. PCIe x1 kékeré lè jókòó sínú ojú PCIe tó gùn jù ú lọ, ìyẹn ò burú.

Ọ̀nà HDMI

Ẹni tó bá ní receiver, kó so HDMI láti ara káàdì àwòrán lọ sí receiver, kó tún ti receiver so ó lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn mẹ́jọ tí a ò dì ló ń gba ibẹ̀ kọjá, Dolby TrueHD àti Atmos, oríṣi ohùn fíìmù mìíràn, náà ń gbà á. Nọ́ńbà ló ń kúrò nínú kọ̀ǹpútà, receiver ló ń sọ ọ́ di ohùn, nítorí náà ariwo bọ́ọ̀dù ò lè kàn án. Bí ti tòkúnbọ̀ yín bá jẹ́ DisplayPort ló ní, ẹnu tó ń sọ ọ́ di HDMI náà ń gbé ohùn. VGA ò gbé ohùn rárá.

Ẹ má so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ná kí ẹ tó fi ARC mú ohùn padà wá, bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á sọ fún Windows pé ohùn méjì lòun mọ̀, Windows á sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ní home theatre tí ARC nìkan jẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò gbà, kó sì dán passthrough wò nínú VLC.

Kíkì í bọ̀ ọ́

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ plug kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń tan án lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Ẹ yan ojú tó jìnnà sí fáànù káàdì àwòrán, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ de bóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá tàn, ẹ gba ètò rẹ̀ láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ padà sí mmsys.cpl, kí ẹ fi í ṣe Default, kí ẹ sì tún yan 5.1 Surround. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí: 5.1 tẹ́ ẹ yàn fún Realtek kò bá káàdì tuntun tan.

Ibi tí sípíkà máa jókòó sí

Ẹ ka ara yín sí àárín aago, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní méjìlá. Sípíkà iwájú á wà ní mọ́kànlá àti aago kan. Ti ẹ̀yìn á wà ní mẹ́rin àti mẹ́jọ, tàbí kí wọ́n fà síwájú díẹ̀ sí i. Bí ìlànà ITU ṣe sọ ọ́ nìyẹn: ìwọ̀n 30 fún iwájú, 100 sí 120 fún ẹ̀yìn. Wọn kì í ṣe ti igun yàrá òkè lọ́hùn-ún tí gbogbo èèyàn ń kàn wọ́n mọ́. Bí àga yín bá fara ti ògiri, ẹ fà á síwájú díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ yín gan-an. Wúfà kì í fẹ́ igun, ibẹ̀ ló ti ń sọ gbogbo ohùn di "gbìì". Ẹ sún un kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ láti orí àga.

Ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà kí ẹ tó ra wáyà, ẹ gbé e gba ìdí ògiri, kì í ṣe àárín yàrá. Bí ẹ bá ń so wáyà sípíkà, kí pupa lọ bá pupa, kí dúdú lọ bá dúdú, torí ọ̀kan tó bá dorí kodò lára méjì iwájú máa gba ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Ẹ wá lẹ tape sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tó ń lọ sí i ní ẹnu méjèèjì. Ẹni tó máa gbá pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kò mọ̀ pé dúdú kì í ṣe ti búlúù.